Bí mo ṣe wọ kílọ́ọ̀bù ìbọn, tí mo sì rí láísẹ́ǹsì gbà

Kí n má parọ́, Yusuf Dikeç ló kó mi sí i. Ọkùnrin ará Tọ́kì yẹn tó dé Olympics Paris 2024 tó ki ọwọ́ kan bọ àpò, tó wọ awò ojú lásán, tó ń yìnbọn bí ẹni tó ń dúró de bọ́ọ̀sì, tí òun àti Şevval İlayda Tarhan sì gba fàdákà nínú ìbọn afẹ́fẹ́ mítà 10, ìyẹn ìbọn ìléwọ́ tí afẹ́fẹ́ ń ti ọta ẹ̀ jáde, tí wọ́n ń yìn láti mítà 10. Mo wò ó tán, mo ní ṣé gbogbo ẹ̀ náà nìyẹn? Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé ọwọ́ tó ki bọ àpò yẹn kì í ṣe fáàrí, ṣe ni wọ́n fi ń di ara mú kó má baà máa mì, torí ọwọ́ kan ṣoṣo ni òfin eré náà gbà pé kéèyàn fi di ìbọn ìléwọ́ mú.

Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe ni pé mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìbọn tí màá rà. Ẹ má dán an wò o, ẹ̀yìn ni mo ti mú un. Níbi tí mo wà, ọlọ́pàá ò ní dá ẹ lóhùn àfi tó o bá ní ìdí gidi tó o fi fẹ́ ìbọn, kílọ́ọ̀bù ló sì máa kọ̀wé pé ọmọ ẹgbẹ́ àwọn ni ẹ́, pé o máa ń wá déédéé. Kílọ́ọ̀bù ṣáájú, ìwé tẹ̀ lé e, ìbọn ló kẹ́yìn pátápátá. Òfin ibì kan ò sì jọ ti ibòmíì, ẹ wo Britain, látọdún 1997 ni wọ́n ti fòfin de ọ̀pọ̀ jù lọ ìbọn ìléwọ́ níbẹ̀, torí náà ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, kílọ́ọ̀bù tó wà nítòsí ẹ̀ ni kó lọ bi, kó má bi ẹni tó kàn gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíì.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ lọ, n ò fọwọ́ kan ìbọn rárá. Bàbá àgbàlagbà kan tó jẹ́ kóòṣì níbẹ̀ ní kí n jókòó, wọ́n ń bi mí léèrè bí ẹni pé wọn ò bi mí ní nǹkan kan, iṣẹ́ wo ni mò ń ṣe, ta ló sọ fún mi nípa ibẹ̀, kí ló wù mí nínú ẹ̀. Mo rò pé ọ̀rọ̀ lásán la jọ ń sọ, ìgbà tó yá ni mo tó mọ̀ pé èmi gan-an ni wọ́n ń wò. Mo kọ fọ́ọ̀mù, mo mú ẹni méjì tó lè dúró fún mi wá, wọ́n ní màá kọ́kọ́ wà lábẹ́ ìdánwò ná, ìbọn kílọ́ọ̀bù ni màá máa lò, ẹnì kan á sì máa dúró tì mí.

Ẹ̀kọ́ ààbò ló wá kàn. Ẹ ti gbọ́ òwe tó ní ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ní jẹ́ jẹ́ kí a kọ ìbọn sí òun? Gbogbo ẹ̀kọ́ yẹn ò ju òwe yẹn lọ. Gbogbo ìbọn ló lọ́ta nínú lójú ẹ, kódà kó jẹ́ pé ìsinsìnyí lo yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹnu ìbọn kò gbọdọ̀ kọ ibòmíì yàtọ̀ sí ibi tágẹ́ẹ̀tì. Ìka kì í kan apátí, trígà tá à ń wí yẹn, títí tí wàá fi ṣe tán láti yìn ín. Kó o mọ ohun tó wà lẹ́yìn ohun tó ò ń yìn. Tí wọ́n bá ní "stop", kò sí jẹ́ kí n yin èyí tó kù yìí, o dúró nìyẹn. Mo ṣe ìdánwò ẹ̀, mo gba gbogbo ẹ̀, inú mi dùn.

Ọ̀sẹ̀ kejì ni mo ṣe ohun tí ojú ṣì ń tì mí nípa ẹ̀. Mo yin ọta kan, ó bọ́ sáàárín ibi dúdú tágẹ́ẹ̀tì, ni mo bá yíjú sí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi pé ṣé o rí i, ara mi sì bá ojú mi yí, ìbọn náà sì tẹ̀ lé ara. Kò tíì dé ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni o, ọta ò sì sí nínú ẹ̀, àmọ́ gbogbo ibẹ̀ ló dákẹ́. Bàbá ò pariwo. Wọ́n ní, "Gbé e kalẹ̀." Mo gbé e kalẹ̀. "Lọ jókòó." Mo ní ẹ má bínú sà, wọ́n ní àwọn ò bínú. Mo jókòó síbẹ̀ títí wọ́n fi palẹ̀ mọ́. Mo rò pé wọ́n ti lé mi nìyẹn, ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni wọ́n ní kí n tún ẹ̀kọ́ ààbò ṣe látìbẹ̀rẹ̀, èmi tí mo ti gba gbogbo ẹ̀! Mo tún un ṣe.

Ìbọn yínyìn fúnra ẹ̀ wá rèé. Tágẹ́ẹ̀tì mítà 10 yẹn, ibi tó jẹ́ máàkì 10 ò ju mìlímítà 11.5 lọ. Èmi ń tẹjú mọ́ tágẹ́ẹ̀tì bí ẹni tó fẹ́ jẹ ẹ́, bàbá ní kí n yéé wò ó. Irin ṣóńṣó iwájú ìbọn lojú máa mọ́lẹ̀ sí, kó jókòó dáadáa sáàárín àlàfo irin ẹ̀yìn, tágẹ́ẹ̀tì á kàn rí fírífírí lọ́ọ̀ọ́kán, ẹ jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ á gbọ̀n, kò sọ́wọ́ tí kì í gbọ̀n. Iṣẹ́ ẹ ni kó o fa trígà díẹ̀díẹ̀ láìjẹ́ kí ìbọn mọ̀. Ti ìbọn afẹ́fẹ́, òfin eré náà ní agbára tó máa fa trígà ò gbọdọ̀ dín sí gíráàmù 500, ti point 22, ìbọn ìléwọ́ kékeré tó ń lo ọta gidi, tí wọ́n ń yìn ní mítà 25 jẹ́ 1000, kò wúwo, síbẹ̀ òun ló ń dójú ti gbogbo wa.

Láísẹ́ǹsì ò ní ìtàn púpọ̀, ìdúró ló pọ̀ níbẹ̀. Lẹ́tà kílọ́ọ̀bù, ìwé ẹ̀kọ́ ààbò, fọ́tò, ìtẹ̀ka, kí ọlọ́pàá yẹ̀ ẹ́ wò bóyá o ti dáràn rí. Wọ́n wá wo àpótí irin tí màá máa ti ìbọn mọ́, ẹni tó wá fi gbogbo agbára tì í bóyá á mì, kò mì torí mo ti fi bóòtù dè é mọ́ ògiri, ó wá bèèrè ibi tí ọta máa wà, mo fi àpótí kejì hàn án. Kọ́kọ́rọ́ ńkọ́, ta tún ni ó mọbẹ̀? Mo ní èmi nìkan. Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ má pè wọ́n lójoojúmọ́ bíi tèmi, kò jẹ́ kó yá.

Ọjọ́ tí káàdì dé, mo mú un lọ fi han bàbá. Wọ́n yọ̀ fún mi, wọ́n ní ó yá, lọ yin ọta 60 bí wọ́n ṣe ń ṣe é nídìíje, ìṣẹ́jú 75 lo ní. Mo rí 431 nínú 600. Wọ́n wo bí àwọn ihò ṣe ṣù jọ nísàlẹ̀ lápá òsì, ọwọ́ ọ̀tún sì ni mò ń lò, wọ́n ní ojú ẹ ti dáa, ìka ẹ ló ń já trígà gbà. Wọ́n dojú mi kọ ògiri funfun, wọ́n ní kí n máa fa trígà ìbọn tí kò lọ́ta nínú, ìgbà 30, kí irin iwájú yẹn má mì. Ibẹ̀ ni mo ṣì wà. N ò tíì ra ìbọn kankan.