Àpòòwé FIT tí NHS fi ránṣẹ́, ẹ má jù ú sí bíìnì o

Ẹ̀yin èèyàn wa ní England, tí ọjọ́ orí yín bá wà láàárín 50 sí 74, tẹ́ ẹ sì ti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ GP, ọdún méjì-méjì ni NHS máa ń fi àpòòwé kan tí wọ́n ń pè ní FIT ránṣẹ́ sílé yín láti fi yẹ ìgbẹ́ wò bóyá ẹ̀jẹ̀ wà nínú ẹ̀ tójú ò lè rí, torí jẹjẹrẹ ìfun. Ti àǹtí mi pẹ́ lórí fíríìjì wọn, wọ́n ní báwo làwọn ṣe máa fi ìgbẹ́ ránṣẹ́ sí ọmọ ọlọ́mọ. Ó yé mi, ojú ń tini, àmọ́ ìgò tín-ín-rín kan báyìí ni, tẹ́ ẹ bá ti dé e pa, ó parí.

Ohun tó ṣòro níbẹ̀ ò ju pé ìgbẹ́ yẹn ò gbọdọ̀ kan omi inú tọ́ílẹ́ẹ̀tì. Ráábà ice cream tá a máa ń bu ọbẹ̀ sí yẹn, ẹ fọ ọ̀kan dáadáa kẹ́ ẹ fi gbà á, kẹ́ ẹ wá ṣí ìgò, igi kékeré kan wà lára ìdérí ẹ̀, ẹ fi ha ara ìgbẹ́ yẹn títí tó fi bo gbogbo ojú ibi tí wọ́n gbẹ́ lára igi náà, ìyẹn ti tó, ẹ má wa kún un. Ẹ tì í padà, ẹ dé e kó dún kọ́, ẹ má ṣí i mọ́. Ẹ kọ déètì sára ìgò o! Ibẹ̀ làǹtí mi ti fẹ́ gbàgbé. Kẹ́ ẹ wá tètè pósítì ẹ̀, ẹ ò ní ra sítáǹbù.

Ẹ̀ẹ̀kan péré lẹ máa gbà á, kì í ṣe bíi ti àtijọ́, kó tó di 2019, tó jẹ́ ìgbẹ́ ẹ̀ẹ̀mẹta. Ẹ sì lè jẹran yín, ẹ̀jẹ̀ èèyàn nìkan ló ń wá.

Bí ọ̀sẹ̀ méjì, èsì á dé. Tí wọ́n bá ní ẹ̀jẹ̀ pọ̀ níbẹ̀, kì í ṣe pé jẹjẹrẹ ti dé nìyẹn, ó lè jẹ́ jẹ̀díjẹ̀dí, ó lè jẹ́ ẹran kékeré tó hù nínú ìfun, wọ́n máa pè yín wá kí wọ́n fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní kámẹ́rà lẹ́nu wo inú, tí wọ́n bá sì rí ẹran yẹn wọ́n sábà máa ń gé e níbẹ̀ kó tó di jẹjẹrẹ. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ lọ. Ẹ má sọ pé "jẹ̀dí ni" kẹ́ ẹ wá lọ máa mu àgbo.

Tó bá sì jẹ́ pé ojú yín lẹ fi rí ẹ̀jẹ̀, tàbí ẹ kàn ń rù, tàbí bẹ́ ẹ ṣe ń yàgbẹ́ yí padà, ẹ má dúró de àpòòwé kankan, kódà kí èsì tó kọjá dáa, ẹ pe GP yín lọ́sẹ̀ yìí.