Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nípa ìgbà tó yẹ kí abo ológbò sinmi ọmọ bíbí

"Ó ṣì ń wá akọ, ó ṣì lè bí." Ọ̀rọ̀ yìí ti ba ọ̀pọ̀ abo ológbò jẹ́. Obìnrin a máa dàgbà kúrò nínú ọmọ bíbí, ṣùgbọ́n ti ológbò kò rí bẹ́ẹ̀. Ó lè máa wá akọ títí ọjọ́ ogbó, kódà ó lè lóyún mìíràn nígbà tí ọmọ ọwọ́ rẹ̀ ṣì ń mu ọmú.

Bí ara rẹ̀ ṣe ń bọ̀ sípò lẹ́yìn ìbí ni kí o máa wò. Bí àwọn ọmọ bá ti já lẹ́nu ọmú, fi ọwọ́ ra ẹ̀yìn rẹ̀ láti ọrùn dé ìdí ìrù. Bí oṣù kan bá ti kọjá, tí o ṣì lè ka eegun ẹ̀yìn rẹ̀ bí ẹni ń ka ìlẹ̀kẹ̀, má jẹ́ kí akọ gùn ún.

Má sì fojú fo ìbí tó bá dín kù lójijì. Abo kan tí mo sìn máa ń bí mẹ́rin tàbí márùn-ún. Nígbà kan ó bí méjì péré, mo ní kò burú. Nígbà tó tún rọbí, ó bí ọ̀kan, ó lá a gbẹ, ó sì gbé orí lé ẹsẹ̀ mi. Kò lágbára láti ti ìyókù jáde mọ́. Iṣẹ́ abẹ ni dókítà ẹranko fi gbé wọn jáde, ọ̀kan sì ti kú. Ó ṣì ń dùn mí, torí ìbí tó ṣáájú ti kìlọ̀ fún mi.

Ọ̀pọ̀ olùsìn ń dá ìbí dúró nígbà tí abo bá tó nǹkan bí ọmọ ọdún 5 tàbí 6. Ó dáa, àmọ́ bí ara bá kọ̀ ṣáájú, gbà fún un.

Àṣìṣe tó kù ni kí o dá ìbí dúró, kí o sì fi ilé ọmọ rẹ̀ sílẹ̀. Ilé ọmọ lè kún fún ọyún ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn tó wá akọ: á máa mu omi ṣáá, kò ní jẹun, ikùn á wú, nǹkan lè máa jáde lójú ara rẹ̀ tàbí kó má jáde. Lọ́jọ́ náà gan-an ni kí o gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko. Oògùn tí wọ́n fi ń dá wíwá akọ dúró náà lè fa èyí, ó sì lè fa jẹjẹrẹ ọmú. Nítorí náà, bí o bá ti dá ìbí dúró, tí ara rẹ̀ sì le, jẹ́ kí wọ́n yọ ilé ọmọ rẹ̀ nígbà tí wàrà bá ti gbẹ.

Bó bá jẹ́ akọ lo tẹ̀ lọ́dàá, má tètè dá a padà sáàárín àwọn abo. Ó ṣì lè fún wọn lóyún fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Yà wọ́n sọ́tọ̀ títí dókítà á fi ní ó tó.