Ìwé dókítà ojú ewé kan tó fẹ́ dí mi lọ́nà àtikẹ́kọ̀ọ́ òfin

Ọ̀sẹ̀ méje gbáko ni mo fi wá ìwé ojú ewé kan. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo wọkọ̀ láti Ìjẹ̀bú-Òde lọ sí Ìbàdàn, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo san owó àyẹ̀wò kan náà, torí pé ìwé tí dókítà kọ́kọ́ kọ fún mi jẹ́ òótọ́, àmọ́ kò wúlò. Inú ṣì ń bí mi títí di òní. Ẹ̀yin tí ojú ń yọ lẹ́nu tí ẹ sì fẹ́ di lọ́yà, ẹ ka èyí kí ẹ tó lọ bá dókítà.

JAMB kò yọ mí lẹ́nu. Ẹ ti mọ bó ṣe ń lọ: ẹ fi NIN ránṣẹ́ sí 55019 tàbí 66019, ẹ gba kóòdù, ẹ lọ tẹ̀ka. Ìbéèrè 180 ni wákàtí méjì, ìyẹn ìṣẹ́jú-àáyá 40 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ohun tó kó mi yọ ni pé kò pọn dandan kéèyàn máa wá orí mouse kiri ojú kọ̀ǹpútà. Bọ́tìnì mẹ́jọ ti tó: A, B, C, D fún ìdáhùn, N fún ìbéèrè tó kàn, P fún èyí tó kọjá, S láti fi parí, R láti padà bí èèyàn bá ṣèèṣì tẹ S. Mo kọ́ ìka mi títí mi ò fi wo kíbọ́ọ̀dù mọ́. Máàkì tí mo gbà wú mi lórí, mi ò sì fi pa mọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Ìgbà tó kan ìdánwò tí yunifásítì fúnra rẹ̀ ń ṣe ni ọ̀rọ̀ dojú rú. Mo bẹ̀bẹ̀ fún àfikún àkókò, wọ́n ní kí n mú ìwé dókítà wá. Ìlà mẹ́ta ló wà nínú èyí tí mo mú lọ: glọ́kóómà, àìsàn tó ń jẹ ojú díẹ̀díẹ̀, wà lójú méjèèjì, mò ń kán oògùn sí i, ojú ọ̀tún 6/9, ojú òsì 6/12. Ẹni tó gbà á kà á tán, ó wojú mi, ó ní, "Àǹtí, ojú yín kúkú ríran. Ìgbà wo ni wọ́n máa wò yín sàn tán?"

Kò purọ́ mọ́ ìwé náà. Bí àárín ojú ṣe mú tó ni 6/9 ń sọ: ohun tí ojú tó dá ṣáká ń rí láti mítà 9, èmi ní láti sún mọ́ ọn dé mítà 6. Kò sọ bí ibi tí mò ń rí ṣe fẹ̀ tó. Bẹ́ẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ni glọ́kóómà sábà máa ń ti jẹ ojú wọlé, àárín ló máa ń kù sẹ́yìn, èyí tó sì ti jẹ kì í padà. Oògùn kàn ń dáàbò bo ìyókù ni. Ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ rí bẹ́ẹ̀ lè ka lẹ́tà wẹ́wẹ́ lára ògiri dókítà, kó tún fẹsẹ̀ kọ àga nígbà tó bá ń jáde.

Bí mo bá gbé ìwé jìnnà sójú ní sẹ̀ǹtímítà 40, ibi tí mò ń rí lẹ́ẹ̀kan náà fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 7, bí ìka mẹ́rin tí a tò pọ̀. Ìlà kan lórí ìwé A4 gùn tó sẹ̀ǹtímítà 16. Mo ní láti sún ojú nígbà méjì tàbí mẹ́ta kí n tó ka ìlà kan tán, lẹ́yìn náà ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá ibi tí ìlà kejì ti bẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni àkókò ń bá lọ.

Wọ́n ní àwọn lè tẹ ìbéèrè náà ní lẹ́tà ńlá fún mi. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má ṣe bẹ́ẹ̀. Lẹ́tà ńlá dára fún ẹni tí àárín ojú rẹ̀ ṣókùnkùn. Fún ẹni tí ẹ̀gbẹ́ ti lọ lójú rẹ̀, ṣe ló ń dá kún ìṣòro. Mo dán an wò nílé: ní ìwọ̀n lẹ́tà 12, mò ń rí nǹkan bí ọ̀rọ̀ márùn-ún pa pọ̀, ní ìwọ̀n 24, kò ju méjì tàbí mẹ́ta lọ.

Ohun tó lè fi èyí hàn ni àyẹ̀wò visual field, ìyẹn àyẹ̀wò bí ibi tí ojú ń rí ṣe fẹ̀ tó, ilé ìwòsàn tí mo ń lọ kò sì ní ẹ̀rọ rẹ̀, ó di Ìbàdàn. Wọ́n máa ń bo ojú kan, èèyàn á gbé àgbọ̀n lé ẹ̀rọ, á tẹjú mọ́ iná kan láàárín, á sì máa tẹ bọ́tìnì nígbàkígbà tí iná kékeré mìíràn bá ṣẹ́jú níbòmíràn. Ẹ̀rọ náà ń ṣọ́ni. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, á tan iná sí ibi tí ojú gbogbo èèyàn kì í ríran. Bí ẹ bá tẹ bọ́tìnì nígbà yẹn, ó mọ̀ pé ẹ ti yí ojú kúrò láàárín. Bí irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ bá ju ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, á kọ ọ́ sórí ìwé èsì pé kò ṣe é gbára lé. Aago márùn-ún ìdájí ni mo jí lọ sí gáréèjì lọ́jọ́ àkọ́kọ́, oorun ń kùn mí lórí ẹ̀rọ, ojú mi ń rìn. Owó ọjọ́ yẹn wọgbó. Kò sì sẹ́ni tó sọ fún mi pé tí mo bá di bọ́tìnì náà mú, ẹ̀rọ á dúró kí n sinmi! Lẹ́ẹ̀kejì, Ìbàdàn ni mo sùn mọ́jú, mo dá a dúró nígbà mẹ́rin, èsì sì mọ́.

Mi ò tún bẹ dókítà pé kó kàn bá mi kọ ìwé. Mo kọ ohun tí mo fẹ́ kó wà níbẹ̀ sórí pépà, mo fi lé e lọ́wọ́, kò sì janpata: pé ibi tí mò ń rí kò ju dígírì 5 lọ láti àárín sí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan (sẹ̀ǹtímítà 7 òkè yẹn nìyẹn), pé nínú ìlànà Àjọ Ìlera Àgbáyé, ojú tí kò ju dígírì 10 lọ láti àárín ti wọ ìsọ̀rí ìfọ́jú, 6/9 ì báà wà níbẹ̀, pé kò ní sàn, ohun tó ń ṣe sí ìwé kíkà mi, àti ohun tí mo nílò, ìyẹn àfikún ìdajì àkókò, ìlà tí kò fẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 7 lọ bíi ti ìwé ìròyìn, rúlà tí màá máa fi tẹ̀lé ìlà, àti ìjókòó tí ìmọ́lẹ̀ dé. Nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀, déètì àti òǹtẹ̀ wà nísàlẹ̀, èsì ẹ̀rọ sì wà lẹ́yìn.

Mo kọ lẹ́tà tèmi lé e. Mo tọ́ka sí òfin ọdún 2018 tó ka ìyàsọ́tọ̀ àwọn akàndá ẹ̀dá léèwọ̀, èyí tí Ààrẹ Buhari buwọ́ lù ní oṣù kìíní ọdún 2019, àti abala 24 nínú àdéhùn Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tí Nàìjíríà tẹ́wọ́ gbà ní 2010, tó ní kí wọ́n ṣe àtúnṣe tó yẹ fún wa títí dé ilé ẹ̀kọ́ gíga. Mo ní kí wọ́n fọwọ́ sí ẹ̀dà tèmi pé wọ́n ti gbà á. Lọ́jọ́ kẹrin, ìdáhùn dé: ìṣẹ́jú 60 di 90. Wọn ò ṣe ti ìlà tóóró, rúlà ni mo fi rọ́jú kà á.

Bí mo bá tún máa bẹ̀rẹ̀, àyẹ̀wò yẹn ni màá kọ́kọ́ ṣe, kí n tó ra fọ́ọ̀mù JAMB rárá. Màá sì lọ wo gbọ̀ngàn ìdánwò ní ọjọ́ kan ṣáájú, torí àtẹ̀gùn mẹ́ta kan wà lẹ́nu ọ̀nà ibẹ̀ tí mi ò rí.