Bí mo ṣe fi láptọ́ọ̀pù wo háídírójìn tó ti dì

Háídírójìn tí wọ́n kọ́ wa ní sẹ́kọ́ńdìrì pé H2 ni, oríṣi méjì ló wà nínú ẹ̀ o, ó sì ti pẹ́ tó ti ń wù mí láti fojú ara mi rí bí oríṣi kan ṣe ń di ìkejì nígbà tí gbogbo ẹ̀ bá ti dì gbagidi, ni mo bá jókòó kọ kóòdù Python kékeré kan, ó ti ṣiṣẹ́ báyìí, ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe ṣe é.

Próótọ́nù méjì ló wà nínú mólékúlù ẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní spin, ìyẹn ohun tó ń mú kó dà bíi mágnẹ́ẹ̀tì kékeré. Tí spin àwọn méjèèjì bá dojú kọ ibì kan náà, ortho nìyẹn, tí ọ̀kan bá dorí sókè tí ìkejì dorí kodò, para ni. Onímọ̀ físíìsì kan, Heisenberg, ló fi ìṣirò rí i lọ́dún 1927, nígbà tó di 1929 àwọn onímọ̀ kẹ́místírì méjì, Bonhoeffer àti Harteck, fi èédú àti òtútù ya para sọ́tọ̀ ní Jámánì. Nínú yàrá lásán, 75 nínú 100 ló ń jẹ́ ortho. Tí òtútù bá mú un dé nǹkan bíi 20 Kelvin (bíi -253 sẹ́ńtígíréètì), ó yẹ kó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ para nìkan ló máa kù, àmọ́ ortho kì í yára yí, tó bá sì ń yí ooru ló ń tú jáde. Ooru yẹn kì í ṣe kékeré! Kílò kan á tú nǹkan bíi 527 kJ (kilojoule, òṣùwọ̀n agbára) sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ nǹkan bíi 446 kJ ti tó láti sọ kílò kan tó jẹ́ olómi di gáàsì. Ìyẹn ni pé táńkì yín lè dára kí ooru ìta má ráyè wọlé rárá, síbẹ̀ tẹ́ ò bá kọ́kọ́ sọ háídírójìn yẹn di para, á máa hó lọ fúnra ẹ̀ ni. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń sọ ọ́ di olómi fi máa ń gbà á kọjá lára iron oxide kó lè tètè yí.

Èmi, èyí tó ti dì ló wù mí jù. Ó máa ń dì tó bá ti bọ́ sísàlẹ̀ 14 Kelvin, ìyẹn bíi -259 sẹ́ńtígíréètì, mólékúlù 12 ló sì máa ń yí ẹyọ kan ká. Mo to àpótí kan bẹ́ẹ̀ sínú kóòdù, mo jẹ́ kí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún já sí ẹ̀gbẹ́ òsì kí etí àpótí má bàa ba ìṣirò jẹ́, mo wá da ortho àti para sínú ẹ̀ láì ṣẹ̀ṣà, mẹ́ta sí ọ̀kan.

Òfin tó wà níbẹ̀ ni pé ortho ò lè dá yí. Mágnẹ́ẹ̀tì kékeré tó wà lára ortho míì nítòsí ló máa yí i, para ò sì ní irú mágnẹ́ẹ̀tì yẹn. Tí àárín wọn bá jìn ní ìlọ́po méjì, ìyára ẹ̀ á di ìdá kan nínú 256, torí náà àwọn 12 tó sún mọ́ ọn jù nìkan ni mo kà. Ìyára tí wọ́n wọ̀n fún èyí tó dì jẹ́ bíi 1.9 nínú 100 ní wákàtí kan, ìṣirò tó sì bá a lọ ni x = 0.75 / (1 + 0.019 × 0.75 × t), x ni ìdá tó ṣì jẹ́ ortho, t ni iye wákàtí. Ẹ fi wákàtí 24 sí i, ortho á ku bíi 56 nínú 100, lọ́sẹ̀ kan á ku 22, tó bá di ọgbọ̀n ọjọ́ á ku bíi 7.

Mo kọ́kọ́ de gbogbo wọn mọ́lẹ̀ síbi tí wọ́n wà. Gíráàfù tẹ̀ lé ìṣirò dáadáa níbẹ̀rẹ̀, nígbà tó yá ó ń falẹ̀, ó falẹ̀ títí ó fi dúró! Mo yẹ inú àpótí wò, àwọn ortho tó kù ti dá wà, para 12 yí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ká, kò sẹ́ni tó máa yí wọn. Bẹ́ẹ̀ kì í dúró báyẹn ní láàbù o, àwọn tó ń fi NMR wò ó, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń gbọ́ ohùn spin, tó jẹ́ ortho nìkan ni wọ́n ń gbọ́ torí para kì í fọhùn, ń rí i pé ó ṣì ń dín kù ni. Báwo ni ọ̀kan ṣe wá ń bá ìkejì pàdé nígbà tó jẹ́ pé ní 4 Kelvin mólékúlù kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ kúrò lójú kan?

Ibi tó dùn jù lọ nìyí. Mólékúlù ò rìn, jíjẹ́ ortho gan-an ló ń rìn! Ortho á di para, lẹ́ẹ̀kan náà para ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ á di ortho, agbára kankan ò wọlé, ìkankan ò jáde, bí ìgbà tí èèyàn méjì bá pààrọ̀ fìlà láì dìde lórí ìjókòó. Mo fi ìlà díẹ̀ kún kóòdù kí wọ́n lè máa ṣe pààrọ̀ yẹn, kó sì yára ju yíyí lọ dáadáa, ni gíráàfù bá padà sórí ìṣirò, kò sì dúró mọ́.

Nǹkan tí mo fi kún un kẹ́yìn ni pé ortho méjì tó bá pàdé máa ń fa ara wọn mọ́ra díẹ̀, kí ọ̀kan tó lè kúrò ó máa ná agbára. Bí mo ṣe ń dín ìgbóná kù, wọ́n ń kó ara wọn jọ ní méjì-méjì, yíyí wọn sì wá yá ju ti ìṣirò lọ. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbìyànjú ẹ̀, ẹ má kàn tọ́jú iye ortho nìkan, ẹ tọ́jú ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà, torí iye lásán ò lè fi àwọn méjì-méjì yẹn hàn yín.