Igi Tí A Wọ̀n Nídìí Ààrò Gàrí

Ní àsìkò òjò tó kọjá, akẹ́kọ̀ọ́ méje tó wà ní ọdún àṣekágbá ni wọ́n fi sí abẹ́ mi kí n darí iṣẹ́ ìwádìí wọn, gbogbo wọn ló sì fẹ́ kọ nípa bí a ṣe lè lo igbó àti ilẹ̀ wa tí kò fi ní tán mọ́ àwọn tó ń bọ̀ lọ́wọ́. Àkòrí tí ọ̀kan nínú wọn kọ́kọ́ gbé wá kan gbogbo ìpínlẹ̀ Kogí, láti Ìsánlú títí dé Idah, mo sì bi í pé mọ́tò wo ni yóò gbé e. Lẹ́yìn àríyànjiyàn díẹ̀, a fẹnu kò sórí ohun kan tí ẹsẹ̀ wa lè dé: igi tí àwọn obìnrin fi ń yan gàrí ní abúlé kan tí kò jìnnà sí Kàbà. Gàrí ń jẹ igi ju bí ẹni tó ń rà á lọ́jà ṣe rò lọ, nítorí pé lẹ́yìn tí wọ́n bá ti lọ gbáàgúdá, tí wọ́n sì ti fi jáàkì fún un, omi ṣì pọ̀ nínú rẹ̀, iná abẹ́ agbada ni yóò sì lé ìyókù jáde.

Ìwé ìbéèrè ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà kọ́kọ́ kó lọ, nítorí pé òun ni wọ́n bá nínú iṣẹ́ àwọn tó ṣáájú wọn. Ọ̀kan nínú àwọn ìbéèrè náà ni pé kìlò igi mélòó ni ẹ ń lò lọ́sẹ̀. Ìyá kan tó ti ń yan gàrí kí a tó bí èyíkéyìí nínú wọn kí wọn ní "Òkun o," ó gbọ́ ìbéèrè náà tán, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ọmọ mi, ìdì ni mo ń rà, n kì í ra kìlò." Akẹ́kọ̀ọ́ náà kọ 50 sílẹ̀. Nígbà tí mo bi í níbi tó ti rí i, ó ní, "Sà, Màmá ní ìdì márùn-ún ni, mo sì rò pé ìdì kan á tó kìlò mẹ́wàá." Mo ní kí ó lọ wọn ìdì méjì. Ọ̀kan jẹ́ kìlò 11, ìkejì jẹ́ 19. Ọjọ́ náà ni a pa ìwé ìbéèrè tì.

Ìdílé márùn-ún ló gbà fún wa láti máa wọn igi. Láàárọ̀, kí ìyá tó dáná, akẹ́kọ̀ọ́ á so òṣùwọ̀n tó ní ìkọ́ mọ́ igi àjà, á wọn gbogbo igi tí ìyá yà sọ́tọ̀ fún ọjọ́ náà. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, á wọn èyí tó ṣẹ́ kù àti gàrí tó jáde, kí a lè mọ iye igi tó lọ sórí kìlò gàrí kan. Ọjọ́ mẹ́ta léraléra ni a fi ṣe é, torí pé iṣẹ́ ọjọ́ tí ọjà ku ọ̀la kò rí bíi ti ọjọ́ mìíràn.

Àṣìṣe tó tóbi jù nínú iṣẹ́ náà, èmi ni mo ṣe é. Òjò rọ̀ lóru ọjọ́ kejì, nígbà tí ilẹ̀ sì mọ́, igi tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn ní ìdílé méjì ti wúwo ju bó ṣe wà lálẹ́ àná lọ. Omi inú igi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé lè tó ìdajì ìwọ̀n rẹ̀, èyí tí afẹ́fẹ́ ti gbẹ dáadáa sì ṣì ń ní nǹkan bí ìdá 15 sí 20 nínú ọgọ́rùn-ún. Iná gbọ́dọ̀ lé omi yẹn kúrò kó tó ráyè gbọ́ ti gàrí, èéfín á sì pọ̀. Mo ń kọ́ wọn bẹ́ẹ̀ lọ́dọọdún, síbẹ̀ mi ò ṣètò ohunkóhun tí a ó fi mọ igi tútù yàtọ̀ sí gbígbẹ. Ìyá oníìdì ló yọ wá. Ó mú igi àyín méjì, ó fi wọ́n lu ara wọn, wọ́n dún kan-kan. Ó mú méjì mìíràn, ìró wọn kú. "Tíṣà, ṣé ẹ gbọ́ ọ?" Láti ìgbà náà ni ọ̀wọ́ kan ti wà nínú ìwé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ń kọ "ó dún" tàbí "kò dún" sí. A gé díẹ̀ lára oríṣi méjèèjì, a wọ̀n wọ́n, a sì gbé wọn sínú ààrò iná mànàmáná ní yàrá ìwádìí, ní ìgbóná 105 lórí òṣùwọ̀n Celsius, títí ìwọ̀n wọn kò fi yí padà mọ́. Etí ìyá náà kò tàn án.

Èédú tún fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wa. Lálẹ́, àwọn obìnrin náà máa ń wọ́n omi sí ẹyin iná, wọ́n á sì kó èédú rẹ̀ jọ fún títà. Tí a kò bá yọ ọ́ kúrò nínú igi tí a kà sí gàrí lọ́rùn, a ó ti purọ́ mọ́ gàrí, nítorí pé agbára iná tó wà nínú kìlò èédú kan tó ìlọ́po kan ààbọ̀ ti igi gbígbẹ, ó tilẹ̀ lé.

Mo ti kìlọ̀ fún wọn pé n kò ní fọwọ́ sí ìwé ẹnikẹ́ni tí kò bá padà lọ sọ ohun tó rí fún àwọn onílé. Ọmọbìnrin kan láti Ìyàgbà ló ka èsì náà sétí wọn ní èdè tó yé wọn, ìjà ọ̀rọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, nítorí pé ìyá tí igi rẹ̀ pọ̀ jù ní wọ́n wọ̀n ọ́n ní ìwọ̀nkuwọ̀n. Nígbà tí ara rọ̀, òun fúnra rẹ̀ tọ́ka sí i pé orí òkúta mẹ́ta ni òun ń dáná, níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ iná jáde lápá ibi gbogbo, nígbà tí ẹni tí igi tiẹ̀ kéré jù ti fi amọ̀ mọ ògiri yí ààrò tiẹ̀ ká. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, akẹ́kọ̀ọ́ méjì bá wọn po amọ̀, wọ́n sì mọ ààrò tuntun fún un.

Kí a tó kúrò, àwọn obìnrin náà ní kí a fi òṣùwọ̀n kan sílẹ̀. Mo rò pé ọmọdé ni wọ́n fẹ́ máa fi wọ̀n. Ìgbà tí mo padà débẹ̀ lóṣù tó kọjá, igi ni wọ́n so kọ́ ọ, ọlọ́kadà tó gbé igi náà wá láti oko sì ń ráhùn pé àwọn ọmọ yunifásítì ti ba ọjà òun jẹ́.