Ẹ mú òòfà dání tẹ́ ẹ bá ń lọ ra wáyà

Ẹ̀yin ará wa tẹ́ ẹ ń kọ́lé lọ́wọ́ ní Tanke àti Ọ̀fà, ẹ jọ̀ọ́, tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra wáyà iná, ẹ mú òòfà dání o, ti ẹ̀yìn sípíkà rédíò tó ti bàjẹ́ náà tó. Ẹ bó orí wáyà yẹn, ẹ fi kàn án, tó bá lẹ̀, irin ni wọ́n fi kọ́pà bò, torí kọ́pà gidi kì í lẹ̀ mọ́ òòfà, irin àti àwọn mẹ́táàlì bíi níkẹ́ẹ̀lì àti kóbáltì ló ń lẹ̀, átọ́ọ̀mù inú wọn, ìyẹn àwọn ègé tín-ín-tín tó para pọ̀ di wọ́n, ló dà bí òòfà kéékèèké tó lè jọ kọjú síbì kan náà. Tí ò bá lẹ̀ ńkọ́? Ẹ má tíì sanwó! Alumíníọ́mù tí wọ́n fi kọ́pà bò náà kì í lẹ̀, ẹ fi ọ̀bẹ ha á, tí inú ẹ̀ bá funfun, ẹ fi sílẹ̀ fún wọn.