Bí A Ṣe Ń Dá Áńpílífáyà Ọkọ̀ Àtijọ́ Tó Dára Mọ̀

Ẹni tó bá lọ wá áńpílífáyà àlòkù, ẹ̀rọ tó ń fún sípíkà lágbára, fún ọkọ̀ rẹ̀ ní Abẹ́òkúta, ìbáà jẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó ń ta ẹrù tòkunbọ̀ ní Kútọ tàbí lọ́dọ̀ rewáyà àdúgbò rẹ̀, iye wáàtì tí wọ́n kọ gàdàgbà sójú ẹ̀rọ náà ni wọn yóò kọ́kọ́ fi hàn án. Èmi kì í wo ibẹ̀ mọ́. Ìdí fíúsì ni mo máa ń lọ tààrà.

Mo ti ra ọ̀kan rí tí wọ́n kọ 1,000 wáàtì sí lára, tó sì jẹ́ pé fíúsì kan ṣoṣo ló ní, ti áńpíà 20. Ká ní mo ti ṣe ìṣirò lọ́jọ́ náà ni, owó mi ì bá má wọgbó. Bí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ bá ń ṣiṣẹ́, iná tó ń dé ara ẹ̀rọ máa ń tó nǹkan bíi fóòtì 13.8, bí a bá sọ 20 di ìlọ́po 13.8, 276 wáàtì ni a ó rí, ìyẹn sì ni iná tó ń wọlé, kì í ṣe èyí tó ń jáde sí sípíkà. Ọ̀pọ̀ áńpílífáyà àtijọ́ ló jẹ́ irú tí wọ́n ń pè ní Class AB, tó máa ń sọ nǹkan bí ìdajì iná tó bá gbà di ooru, nítorí náà ohun tí yóò kan sípíkà nínú 276 yẹn kò ní fi bẹ́ẹ̀ ju 150 lọ. Nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ihò fíúsì ni kí ẹ fi ṣírò, kì í ṣe ti fíúsì tí ẹ bá níbẹ̀. Ibi tí ẹ bá ti rí 40 nínú ihò 25, fíúsì ti ń jó mọ́ ẹnì kan lọ́wọ́ títí sùúrù rẹ̀ fi tán.

Ẹ má sì tìtorí pé nọ́ńbà kéré kí ẹ fojú tẹ́ńbẹ́lú ẹ̀rọ. Ṣáájú kí ìlànà CEA-2006 fún wíwọn agbára áńpílífáyà tó jáde ní Amẹ́ríkà ní 2003, tó ní kí àwọn ilé-iṣẹ́ tó bá gbà á máa wọn agbára ní fóòtì 14.4 pẹ̀lú sípíkà óòmù 4 (ìwọ̀n bí sípíkà ṣe ń dá iná dúró), àwọn ilé-iṣẹ́ kan máa ń wọn tiwọn ní fóòtì 12 péré, bẹ́ẹ̀ ni irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ lè ju iye ara rẹ̀ lọ dáadáa nínú ọkọ̀.

Lẹ́yìn èyí, ẹ tú ìdérí rẹ̀. Bí ẹni tó ń tà kò bá gbà, ẹ bá tiyín lọ. Nígbà tí mo tú 1,000 wáàtì tèmi, pátákó iṣẹ́ inú rẹ̀ kò dé ìdajì àpótí. Afẹ́fẹ́ ló wà nínú ìyókù. Ẹ wo orí àwọn kapásítọ̀ ńláńlá (àwọn ẹ̀yà bí agolo kékeré tó ń tọ́jú iná pamọ́), kí ó tẹ́ pẹrẹsẹ. Èyí tó bá wú tàbí tó ń sun omi, tó sì ń rùn bí ẹja, ti kú. Ẹ má ṣi àtè aláwọ̀ ilẹ̀ tí ilé-iṣẹ́ fi lẹ ìdí wọn mú fún omi tó sun, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àtè yẹn náà máa ń jẹ wáyà nígbà tó bá ti dúdú. Ìpẹtà aláwọ̀ ewé lára bàbà túmọ̀ sí pé omi ti wọ búùtù ọkọ̀ tó wà tẹ́lẹ̀. Tirànsísítọ̀ (ẹ̀yà tó ń mú iná orin lágbára) tí nọ́ńbà rẹ̀ bá yàtọ̀ sí ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé wọ́n ti tún un ṣe; ìyẹn kì í ṣe ẹ̀bi, bí léèdì ìdí rẹ̀ bá mọ́ tó sì ń dán.

Kí ẹ tó gbé iná sí i, ẹ fi mítà tí ẹ ti yí sí ojú tó ń ké wo àárín ojú iná àti ojú ilẹ̀ rẹ̀. Bí mítà bá ké díẹ̀ tó dákẹ́, kapásítọ̀ ló ń gba iná. Bó bá ń ké láìdákẹ́, tirànsísítọ̀ inú ti jó pọ̀. Nígbà tí ẹ bá wá so bátìrì, ẹ gba iná kọjá inú glóòbù bíréèkì wáàtì 21, kí ẹ sì fún ojú tó ń tan ẹ̀rọ náà ní iná. Glóòbù tó bá tàn yẹ́ríyẹ́rí tó sì rẹlẹ̀ kò léwu, ṣùgbọ́n èyí tó bá tàn gbòò tí kò rẹlẹ̀ ti sọ tẹnu rẹ̀. Ẹ yọ glóòbù, ẹ fi fíúsì kékeré rọ́pò rẹ̀, kí ẹ wọn ojú sípíkà kí ẹ tó so sípíkà kankan mọ́ ọn: iná tí kò tó mílífóòtì 50 ni mo máa ń gbà, nítorí èyí tó bá pọ̀ jù lè ba sípíkà yín jẹ́.

Kí orin máa lọ fún ìdajì wákàtí, kí ẹ sì máa fi ìdí sukuruduráfà kan pátákó náà fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́. Bí ẹ̀gbẹ́ kan bá dákẹ́ lẹ́yìn tí ara rẹ̀ gbóná, léèdì ló sán níbì kan. Bọ́tìnì tó ń dún kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀ kò yẹ kó dẹ́rù bà yín, eruku ọyẹ́ ni.

Bó bá jẹ́ kapásítọ̀ nìkan ló bàjẹ́, ẹ yọ owó àtúnṣe nínú iye tí wọ́n pè é, kí ẹ sì ra èyí tí fóòtì rẹ̀ kò kéré sí ti àtijọ́, tí wọ́n sì kọ 105 dígírì sí lára dípò 85, nítorí ooru inú búùtù ọkọ̀ tó bá dúró sóòrùn ọ̀sán nílùú wa kò mọ̀ bóyá ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́ tàbí ó ń sinmi.